Ọkọ̀ Ọ̀ọ́dúnrún Ọdún

"Ẹ rọra o! Ọkọ̀ yìí ti lo ọ̀ọ́dúnrún ọdún," ni afinimọ̀nà ń kìlọ̀ fún àwọn àlejò tó kó wá wo àwókù ọkọ̀ etí òkun. "Ibí gan-an ni ìjì ti gba ẹ̀mí ọ̀gá atukọ̀."

Bàbá apẹja kan tó gbé pákó lé èjìká la àárín wọn kọjá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi. Ọkọ̀ mi ni mo fẹ́ tún ṣe."

Ojú afinimọ̀nà yí pa dà. "Bàbá, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni."

"Ìṣẹ̀ǹbáyé kẹ̀? Ọdún tó kọjá ló fọ́! Ẹ wo abẹ́ ìjókòó. Mo fi ọ̀bẹ kọ ìnagijẹ ọmọ mi síbẹ̀: Eyínmẹ́nugún."

Wọ́n yọjú wò ó, wọ́n sì bá a níbẹ̀. Ìyá kan láàárín àwọn àlejò figbe ta. "Yéè! Ọ̀gá atukọ̀ ti bímọ kó tó kú!"

Gbogbo wọn yọ fóònù, wọ́n ń ya fọ́tò, omi ń bọ́ lójú wọn. Bàbá ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ọkùnrin kan ní kó jọ̀ọ́ kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, pé pákó rẹ̀ ń ba fọ́tò jẹ́.

Ìyá yẹn wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ará ibí, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ṣé ìyà jẹ ọ̀gá atukọ̀ kó tó kú?"

Bàbá wo afinimọ̀nà tó ń fojú bẹ̀ ẹ́. Ó wo àwọn tó ń sunkún. Ó sọ pákó náà kalẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Rárá, ìyá mi," ó ní. "Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni mo kú."