Àwọn Gìtá Ara Ògiri

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí àlejò kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Oyèníran, bàbá arúgbó tó ń fi igi ọmọ̀ ṣe gìtá ní ìlú Ìlá, bí bàbá tirẹ̀ náà ti ṣe é. Oníbàárà ti dàwátì. Gìtá tí kò rẹ́ni rà ló so rọ̀ sára ògiri, tí eruku bò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

Oyèníran gbójú sókè wo àwọn gìtá ara ògiri. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, okùn àwọn gìtá náà máa ń gba ohùn rẹ̀, wọn a sì rọra hùn bí oyin. Kódà, ikọ́ tó ń yọ Oyèníran lẹ́nu lọ́sàn-án òní, wọ́n dá a lóhùn. Àlejò yìí sọ̀rọ̀, gbogbo wọn pa lọ́lọ́.

"Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó," àlejò náà wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Bàbá Wúràọlá! Ọbẹ̀ ti ń tutù o!" Ìyàwó rẹ̀ ló pè é láti ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo gìtá hùn.

Ọkàn Oyèníran balẹ̀ díẹ̀. Ó kígbe pé, "Mò ń bọ̀!"

Kò sí okùn kan tó mì. Ó pariwo, "Ìyá Wúràọlá! Ìyá Wúràọlá!" títí ọ̀fun fi ń ta á. Ṣọ́ọ̀bù ṣì pa lọ́lọ́.

"Bàbá Wúràọlá, ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?"

Gbogbo gìtá tún hùn. Àlejò náà ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é.