Ẹ̀sùn Lórí Aláìsàn Yàrá Kẹrin

Nígbà tí ọmọkùnrin náà jáde ní yàrá kẹrin, kò dúró kí ẹnikẹ́ni. Ó kọjá lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń bọ́ ẹ̀wù funfun wọn, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sì fa ìwé àti bírò yọ. Inú ń bí i débi pé bírò náà lu ìwé jáde níbi tó ti kọ́kọ́ fi í lélẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí yóò ṣe ìdánwò dókítà yìí nìyẹn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ilé ẹ̀kọ́ wọn wí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, fi ń na ara sórí ẹní nírọ̀lẹ́ kí àbúrò lè rí ikùn tẹ̀ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ aláìsàn wò.

Ó mọ àṣìṣe tirẹ̀. Kò fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yàrá kẹrin, kò sì bi í bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà. Máàkì méjì tàbí mẹ́ta nìyẹn, kò lè pa á. Ohun tó ń dùn ún wọra ni obìnrin náà fúnra rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ló gbà á síṣẹ́ kó máa ṣe bí aláìsàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á fún un ní ìtàn àìsàn kan, á kọ́ ọ sórí, á sì sọ ọ́ bákan náà fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Inú rírun ni ti yàrá kẹrin, orí fífọ́ ni ti yàrá karùn-ún. Ní èṣí, obìnrin yìí kan náà ké débi pé akẹ́kọ̀ọ́ kan bá a sunkún. Lónìí, wọ́n ní inú, ó ní orí.

Fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Báwo ló ṣe lọ?"

"Ẹ jẹ́ n sinmi, ẹ̀gbọ́n mi. Màmá tí wọ́n fi síbẹ̀ ló bà á jẹ́. Mo ní kí ló ń ṣe wọ́n, wọ́n ní orí. Mo ní, 'Mà, inú ni.' Wọ́n tún ní orí. Ìtàn yàrá karùn-ún ni wọ́n ń kà sí mi létí."

"Ẹni tó ń fún yín ní máàkì ńkọ́? Kò lè bá wọn wí?"

"Kì í sọ̀rọ̀, ìwé ló ń wò. Èmi náà ò sì gbọdọ̀ yà kúrò lórí ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe. Wọ́n á gé máàkì mi."

"Àbí ara wọn ò yá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn niṣẹ́ wọn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Wọn ì bá ti pè mí. Èmi mọ ibi tí wọ́n ti ń ké." Ó wá ní, "Ṣá má dákẹ́ o. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, má fi ọ̀kankan pa mọ́."

Kò fi ọ̀kankan pa mọ́. Ó kọ pé obìnrin náà ń wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó mutí wá síbi iṣẹ́. Ó kọ pé òun tẹ ibi tó yẹ kó ti ké, kò ké, ó kàn ń wo òun ni. Ife omi bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ariwo rẹ̀ sì gbé ìbéèrè tó kàn kúrò lọ́pọlọ òun. Nígbà tí òun bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó rántí ìtàn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi rẹ́rìn-ín sí òun, bí ẹni ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ó parí rẹ̀ pé kí wọ́n má gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ mọ́ láéláé.

Àgbà dókítà tó ń darí ìdánwò náà wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń fúnni ní máàkì ti lọ sinmi, aago sì ti di méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó gba ìwé náà, ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì tún un kà.

"Àsìkò tí o kọ síbí, ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Aago wà lára ògiri níwájú mi."

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, sà. Èmi ni mo ṣe kẹ́yìn, ẹni tó ń fún wa ní máàkì sì ti jáde. Wọn ò tiẹ̀ dìde, mo bá pa ilẹ̀kùn dé."

Ọkàn ọmọkùnrin náà balẹ̀ díẹ̀. Ó ti rí ẹni tó gbà á gbọ́.

Àgbà dókítà náà na ọwọ́ sí fóònù orí tábìlì, ó ní kí àwọn tó ń gbé aláìsàn sáré wá sí yàrá kẹrin, pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu obìnrin kan láti bí ìdajì wákàtí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ẹ̀sùn ọmọkùnrin náà sí wọn létí, láti ìlà àkọ́kọ́, kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe ń ṣe é.