Ìpínrọ̀ Kẹta

Nígbà tí àpilẹ̀kọ olùkọ́ àgbà náà tún padà dé láti ọ̀dọ̀ jọ́nà, ìwé ìwádìí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, ọ̀gá ẹ̀ka wọn ló bínú. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ rọra tẹ ìdáhùn náà jáde, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ náà ò lọ́jú pọ̀. Olùkọ́ máa fẹ̀yìn tì ní ìparí sáà yìí, àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo ló sì kù kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí jọ́nà bá gbà á, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí wọn ò bá gbà á, ó di bàbá kan tó ń kàwé nílé.

Àpilẹ̀kọ ọ̀hún dá lórí àwọn mọ́ńkì ayé àtijọ́, àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn tó ya ara wọn sọ́tọ̀, tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ìpínrọ̀ kẹta sọ bí wọ́n ṣe máa ń sin òkú wọn lọ́jọ́ tó bá kú gan-an, láìdúró de ẹbí.

Jọ́nà náà kì í jẹ́ kí ẹni tó kọ̀wé àti ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ ara wọn. Olóòtú á yọ orúkọ kúrò lórí rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò méjì. Olùyẹ̀wò Kìíní kì í da ẹnikẹ́ni láàmú. "Ó dára" ló máa ń kọ. Olùyẹ̀wò Kejì ni eegun inú ẹja.

Ọ̀gá ẹ̀ka, tí olùkọ́ fi ọjọ́ orí jù dáadáa, wọlé láìkanlẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló tún wí?"

Olùkọ́ wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á: "'Òǹkọ̀wé yìí ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ó mọ bí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ṣe jìn tó, ṣùgbọ́n kò bi ara rẹ̀ léèrè bó ṣe máa ń rí lára ẹbí tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti bò ó. Ìpínrọ̀ kẹta ò tíì wọ bàtà. Ẹ má jẹ́ kó jáde.'"

"Ìpínrọ̀ wo ló ń wọ bàtà? Irú èdè wo nìyẹn?"

"Ohun tó kọ nìyẹn."

"Ẹ tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Èmi kọ́. Eyín ló ń dùn mí."

"Ẹ gbé e lọ sí jọ́nà mìíràn, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ ọ̀kan báyìí, bí ẹ bá fi ìwé alágbàfọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́."

"Rárá. Ibí yìí náà ni."

Ọ̀gá ẹ̀ka mi orí, ó jáde.

Olùkọ́ ń dá gbé inú ilé kan tí àga inú rẹ̀ ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ìdí tábìlì ìkàwé ló ti máa ń jẹun. Àga kékeré kan wà ní òdìkejì tábìlì náà tí olùkọ́ kì í jẹ́ kí ẹni tó ń bá a gbálẹ̀ sún kúrò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin pè é lọ́jọ́ Àìkú.

"Bùrọ̀dá, ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

Olùkọ́ wo búrẹ́dì tó wà níwájú rẹ̀. "Oúnjẹ."

"Ẹ máa tàn mí lọ. Mo pe ọmọ yín yẹn lánàá."

Olùkọ́ gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó gbé e?"

"Ó gbé e. Ó béèrè mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi. Bí mo ṣe dárúkọ yín báyìí, fóònù ẹ̀ kú. Fóònù tí ò kú látàárọ̀! Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn yín ló ń ṣe, agídí yín náà ló sì gbé dání. Ó ṣì ń wí pé ẹ sáré sin ìyá òun kí ọkọ̀ òfurufú òun tó balẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dúró, Bùrọ̀dá? Ẹ ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí."

"Tíì mi ti ń tutù," ni olùkọ́ wí.

Ó pẹ́ kó tó tún ìpínrọ̀ kẹta kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ ọ́ pé kì í ṣe òfin ló ń lé àwọn mọ́ńkì náà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Bí wọ́n bá dúró wo ojú ẹbí olóògbé, ẹkún á bọ́ lẹ́nu wọn, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa pa á dé mọ́. Ó fi ránṣẹ́.

Nígbà tí ìdáhùn dé, ọ̀gá ẹ̀ka dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń kà á lórí kọ̀ǹpútà sókè ketekete.

"'Ìpínrọ̀ kẹta ti wọ bàtà. Mo kà á tán, mo dìde, mo lọ dúró lójú fèrèsé. Ọdún kan wà lójú ewé tó kẹ́yìn tí kò tọ̀nà. Bí òǹkọ̀wé bá ti tún un ṣe, ẹ jẹ́ kó jáde. Kò sídìí kó tún padà sọ́dọ̀ mi mọ́.'"

Nísàlẹ̀ rẹ̀, olóòtú kọ ọ́ pé ọdún yẹn nìkan ni kí wọ́n tún ṣe. Bí ohun mìíràn bá yí padà, àfi kó tún lọ sọ́wọ́ olùyẹ̀wò.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n!" Ọ̀gá ẹ̀ka fẹ́rẹ̀ẹ́ gun tábìlì. "Ọdún kan péré! Orúkọ yín á wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Olùyẹ̀wò Kejì yẹn náà á wá rí ẹni tó ń gbá mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí."

"Á rí i," ni olùkọ́ wí.

"Ẹ sì fajú ro. Ṣé ẹ ò mọ oríire tó bá dé ni?"

"Eyín ni."

Ní ọ̀sán Sátidé, olùkọ́ jókòó sídìí tábìlì ìkàwé rẹ̀, ó tún ọdún náà ṣe. Ó wò ó dáadáa, ó tọ̀nà. Ó wá lọ sí ìpínrọ̀ kẹta, ó pa ibi tí ẹ̀rù ti ń ba àwọn mọ́ńkì rẹ́ pátápátá, ó dá ti àtijọ́ padà sáyè rẹ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú kó lè tún lọ sọ́wọ́ Olùyẹ̀wò Kejì.

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo àga kékeré tó wà níwájú rẹ̀, níbi tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà kan, tí òun á sì máa dá ìwé rẹ̀ padà fún un pé: "Kò tíì wọ bàtà. Má jẹ́ kó jáde."