Káàdì Ọlọ́dún Méjì

Àgbà mẹ́ta wá sílé Bezawit lọ́sàn-án Sátidé, wọn ò sì jókòó. Bí àwọn ará Etiópíà ṣe ń ṣe é nìyẹn, ní Gondar nílé tàbí ní Silver Spring ní Amẹ́ríkà, níbi tí Bezawit ń gbé: àgbà tó bá wá bẹ̀bẹ̀ kì í jókòó, kì í fẹnu kan nǹkan, àfi tí wọ́n bá gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bezawit ti yan kọfí, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti gbé e kaná. Wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá wà lórí tábìlì. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ni, tí Bezawit gbà ní kóòtù. Ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti Dagne, ọkọ rẹ̀, sí i. Ó ku kó fọwọ́ sí i.

"Ọmọ mi," ni Bàbá Zewdu wí, òun ló dàgbà jù nínú wọn, "káàdì ìgbélùú ọlọ́dún méjì ló ṣì wà nílé yìí. O mọ ohun tí lọ́yà sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá."

"Tí adájọ́ bá tú yín ká kí ojúlówó káàdì ọlọ́dún mẹ́wàá tó jáde, ẹni tó ni ín ló máa dá dúró níwájú ìjọba, táá máa wá ẹ̀rí pé ìgbéyàwó ni, pé kì í ṣe ọjà. Tí wọn ò bá gbà á gbọ́, ọkọ̀ òfúrufú ló kàn. Màmá tó wà ní Gondar ńkọ́? Ta ni yóò máa ra oògùn wọn?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà yòókù, tí orúnkún ń dùn, fara ti ògiri.

"Ọmọ yìí, orúnkún mi ò gba ìdúró pípẹ́," ló wí. "Ṣàánú mi, tí o ò bá tiẹ̀ ṣàánú ẹlòmíràn."

"Ẹ jókòó, bàbá."

"Mi ò níí jókòó."

"Ó rẹ̀ mí," ni Bezawit wí. "Ó rẹ̀ mí dénú egungun." Ó wo ìwé tó wà lórí tábìlì. "Ó dáa. Títí káàdì á fi dé. Lọ́jọ́ tó bá dé, kẹ́nikẹ́ni má wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn mi mọ́."

Wọ́n jókòó. Wọ́n mu ife kọfí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àṣà wọn là kalẹ̀, wọ́n sì súre níbi ẹ̀kẹta.

Ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí láàárín ìlú ni Dagne ti ń ṣiṣẹ́, obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn mọ̀ pé àlè rẹ̀ ni. Ọjọ́ pẹ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jẹ injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ilẹ̀ wọn, nínú àwo kan náà gbẹ̀yìn. Á gbé tirẹ̀ lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, á kẹ̀yìn sí i.

"Wọ́n ti bẹ̀ ọ́ tán?" ni Dagne béèrè nígbà tó dé lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Wọ́n ti bẹ̀ mí."

"Ṣé tìtorí káàdì lo ṣe ń fara dà mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "O ò kúkú purọ́."

Wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ ojúlówó káàdì. Dagne ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, Bezawit fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Lọ́yà ní káàdì á jáde láàárín oṣù mẹ́fà. Ó di oṣù mẹ́rìnlá. Bezawit ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń rùn lọ́fínńdà ẹlòmíràn. Ó kó ìwé ilé, ìwé iná mànàmáná àti fọ́tò ìgbéyàwó jọ sínú fáìlì kan, gbogbo ohun tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Màmá máa ń pè láti Gondar.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ jọ ń jẹun?"

"A jọ ń jẹun, Màmá."

Irọ́ yẹn ń rẹ̀ ẹ́ ju aṣọ fífọ̀ lọ.

Hirut, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ ilé ìwòsàn, a máa tù ú nínú. "Ṣe sùúrù. Tí káàdì bá ti dé, o bọ́ nìyẹn. Sùúrù ni baba ìwà."

"Ìyá ìwà dà, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi?"

Nígbà tí ìjọba pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí káàdì náà, Bezawit ló wa ọkọ̀ dé ọ́fíìsì wọn ní Baltimore. Dagne jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba náà béèrè ibi tí wọ́n ti pàdé.

"Níbi ìgbéyàwó ìbátan kan, ní Gondar," ni Bezawit wí.

"Kí ni ọkọ yín jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ọbẹ̀ shiro àná. Ó ní ata rẹ̀ ò tó."

Obìnrin náà yíjú sí Dagne. "Tí ìyàwó yín ò bá sí nílé mọ́, kí lẹ máa ṣàárò?"

Dagne wo ojú ìyàwó rẹ̀ kó tó dáhùn. "Oúnjẹ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Bezawit bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n padà dénú ọkọ̀, inú bí Bezawit débi pé ó pẹ́ kó tó lè ṣáná sí ọkọ̀ náà.

Káàdì náà dé lọ́jọ́ Túsìdeè kan, nínú lẹ́tà lásán. Ọdún mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀. Bezawit kà á níwájú àti lẹ́yìn, ó sì pe Bàbá Zewdu.

"Káàdì dé, bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. O gbìyànjú. Ṣé ká wá..."

"Ẹ má wá."

"A ò níí wá."

Ó fọwọ́ sí ìwé kóòtù. Ó gbé àpò ńlá sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ sínú rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn fẹ́ jókòó sí ibi tó dákẹ́.

Nígbà tí Dagne ti ibi iṣẹ́ dé, àpò náà ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn, aṣọ tirẹ̀ ló kún inú rẹ̀, káàdì tó ní àwòrán tirẹ̀ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí Bezawit, tí kò nílò káàdì kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i sí ilé ìwòsàn tó wà lópòópónà kejì sílé náà, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, kọ sí i: "Pe ìyá rẹ. Mi ò níí bá ẹ purọ́ fún wọn mọ́."