Ojú Ìwé Tí Kò Jóná

Nínú yàrá tí ìjọ ń kó ìwé pamọ́ sí, nọ́ọ̀sì kan ṣá ìṣáná kẹta. Ó tàn fìrì, ó kú kó tó kan ìwé àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó tó ṣí síwájú rẹ̀. Inú bí i débi pé omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ní Sátidé, Olúkúnlé ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbé ìyàwó mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀tan Ayégbajú. Kò fẹ́ kí orúkọ òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ mọ́. Yíya ìwé kò tó o, eérú ló fẹ́ rí.

Bàbá Obed, tó ń tọ́jú ìwé ìjọ ní Ìlá, ṣílẹ̀kùn wọlé.

“Ọmọ mi, iná ò lè jó níbí. Ẹ̀rọ ara ògiri yẹn ti dín ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ kù. Èèyàn á rí èémí mí, ṣùgbọ́n kò ní í tó iná.”

“Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀! Ìgbéyàwó mi ni, mo fẹ́ jó o!”

“Ohun tí ọkọ rẹ náà sọ nìyẹn nígbà tó mú láítà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ rí ojú ìwé yìí ní Ọ̀tan.”

Nọ́ọ̀sì náà ju ìṣáná sílẹ̀. Ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta.

“Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ẹ̀rọ yẹn o.”

Ó já síta, ó ń pariwo pe ọlọ́kadà: “Ọ̀tan! Kíá!”