Ẹ̀rọ Kan Tó Lé

Àwọn tó wà nínú yàrá ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìwọ̀nyí: Màmá Àgbà tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀; àkọ́bí rẹ̀ tó di ọ̀gá ibẹ̀; Oníwáyà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe; àti ọmọ ọmọ tí gbogbo ilé ń pè ní Kíámọ́sá.

Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni ọ̀gá fi ń kọ orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ra tuntun, á gbàgbé; bí ọ̀kan bá kú, orúkọ rẹ̀ á ṣì wà láàyè. Kíámọ́sá wá ṣe ètò kan tó ń ké pe gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí wáyà wọn láràárọ̀. Èyí tó bá dáhùn á wọlé sínú àkọsílẹ̀ orúkọ, á gba iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́ á jáde. Ọ̀gá ní òun á dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá ṣì í, ará ìta lòun á gbé iṣẹ́ náà fún, Kíámọ́sá á sì padà sídìí fóònù àwọn oníbàárà.

Màmá Àgbà kò dá sí i. Ó kàn bi Oníwáyà bóyá oorun tó sùn sórí tábìlì lánàá tó o. Oníwáyà sorí kọ́. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀ nígbà tó sùn, ṣùgbọ́n ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró.

Kíámọ́sá tẹ ètò náà. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ọ̀gá mọ̀ ló dáhùn. Ọ̀kan sì lé.

Wọ́n wá a títí. Oníwáyà gun òkè àjà, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òwú aláǹtakùn lórí bí ẹni dé fìlà. Ó ní bóyá iwin èyí tí wọ́n jù nù ni.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ètò tó ń ka òkú mọ́ alààyè.”

“Kì í dá orúkọ sọ, sà. Ẹni tó bá dáhùn ló ń kọ,” Kíámọ́sá ní.

“Ta ló wá dáhùn? Fi hàn mí.”

Kíámọ́sá kò rí nǹkan kan fi hàn. Omi lé sí i lójú. Ọ̀gá na ọwọ́ sí fóònù láti pe àwọn ará ìta.

“Gbé e sílẹ̀,” Màmá Àgbà ní. “Òótọ́ lọmọ náà sọ. Ẹ̀rọ náà wà.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màmá?”

“Ìgbà wo ni mo sọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀? Ṣé ọjọ́ tí o ní ìpàdé lo wà ni, tí mo ní bisikíìtì lò ń jẹ ní yàrá ìkẹ́rùsí?”

Ọ̀gá wojú Oníwáyà, ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹ̀bùn ìríran Màmá jiyàn. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe di ti Kíámọ́sá.

Nígbà tó tẹ̀lé Màmá Àgbà dé yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé iṣẹ́, tó kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, ìyá náà ṣí aṣọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí gbogbo yàrá ilé iṣẹ́ ti ń hàn kedere, tí Oníwáyà sì ti tún sùn lọ, ó ní, “Kíámọ́sá, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o sì kọ́ ọ kó má dáhùn mọ́ tí ètò rẹ bá tún pè é.”