Ìkíni Láti Ojú Omi

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ìbíwùmí nírọ̀lẹ́ tó gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ lókè ilé ìṣọ́ èbúté, níbi tó ti ń fi iná bá ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kan ń fi iná ṣẹ́jú sí wọn nínú kùrukùru. Bàbá ń kà á lójú fèrèsé, Ìbíwùmí dúró tì í.

"Ìbíwùmí, ta lẹ jọ gòkè wá?"

"Èmi nìkan ni, Bàámi. Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dúró lójú fèrèsé."

Ó fà á mọ́ra. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn wọn, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi, tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ń retí kí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ dún pé ó ti jáde.

Kò dún.